Ọkùnrin Kì Í Mọ Ìkòkò

Sítóòkù, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 1963

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti ìyá mi. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, tàgbà tèwe. Ṣé SÙÚRÙ, ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà yín, ṣì ń gun òkè Mápó láìbẹ̀bẹ̀? Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì níbí. Bọ́ọ̀sì tiwọn ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, àwọn èrò kì í sì í bá kọ̀ndọ́kítọ̀ jà.

Ìlú amọ̀kòkò ni ìlú tí mo wà yìí. Bí ènìyàn bá dúró níbi tó ga, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni àwọn ilé gíga tí wọ́n ti ń sun ìkòkò. Ikùn wọn tóbi, ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn ìgò, wọ́n sì dúró láàárín ilé àwọn ènìyàn bí ẹni pé àwọn náà ń san owó ilé. Èéfín wọn ti sọ gbogbo ògiri di dúdú. Àwọn àgbà ní tàtijọ́ burú ju báyìí lọ, nítorí iná mànàmáná ni wọ́n fi ń sun púpọ̀ nínú rẹ̀ nísinsìnyí, wọ́n sì ń wó àwọn ilé iná àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá, àyè kò tíì ṣí fún mi níbi tí mo fẹ́ ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Kí n má baà jókòó lásán, mo wọ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánganran. Mo ń mọ ife àti àwo. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá arúgbó tí wọ́n fi mí tì gbé amọ̀ síwájú mi. Mo gbá a mọ́lẹ̀, mo gé e sí méjì, mo tún gbá a pọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ti máa ń ṣe kí afẹ́fẹ́ lè jáde nínú rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ìyá mi ni. Ó pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wo ọwọ́ mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé nígbà kan, orí ni àwọn ọkùnrin ibí fi ń ru àwo wọ inú ilé iná. Wọn a sì di òṣùká! Bàbá náà fi tirẹ̀ hàn mí. Ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó ni ó fi dì í.

Fọ́tò mi wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ fi han gbogbo ènìyàn.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàfárù Àkànní


Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, 1963

Gàfárù,

Wàálékùn sàlámù. A wà láàyè. Bóyá àlàáfíà ni mo wà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni lẹ́tà rẹ dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, èmi àti àwọn ènìyàn mi. Gàníyù ará Bẹẹrẹ wà níbẹ̀, ẹni tó ti sọ pé bí o bá dé, Kúbúrá ọmọ òun, tìrẹ ni. O mọ̀ mí. Èmi tí mo fi àgbà kọ́ ìwé, n kì í fi ìwé kíkà mi pamọ́. N kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé fọ́tò fún wọn kí wọ́n máa pín in wò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà sókè. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, a kọjá. Ọ̀rọ̀ ilé iná, a kọjá. Mo dé ibi tí o ti ní, "Mo ń mọ ife àti àwo." Mo ká lẹ́tà náà pọ̀.

Gàníyù ní, "Ẹ máa kà á lọ o, Bàbá Gàfárù."

Mo ní, "Ó ti tán."

Ó ní, "Kò mà tíì tán. Ọmọ yín gbámọ̀ dání nínú fọ́tò yìí, ó tún ró aṣọ funfun mọ́dìí." Ó bá kọjú sí àwọn yòókù: "Kúbúrá wa ò mọ ìkòkò mọ o. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ á máa kọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ààfáà pàápàá, tó bá wa ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Gàfárù, ọmọ ta ni ọ́? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọkùnrin kì í mọ ìkòkò. Ọkùnrin a máa roko, a máa hunṣọ, a máa rọ irin, a máa wa mọ́tò. Obìnrin ló ni amọ̀. N kò rán ọ kọjá òkun kí o lọ ṣe ohun tí o lè ṣe lẹ́yìnkùlé ilé wa. Kí ó tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà'ba. Àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ń pariwo pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Mọ́tò oníkòkò rèé! Ẹ rọra jókòó o, kó má fọ́!" Obìnrin kan tó ti gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọn kì í pè mí ní Sàláúdéènì mọ́. Bàbá Oníkòkò ni mo ń jẹ́.

Kúrò níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni o sọ pé bọ́ọ̀sì wà ní ìlú náà. Ìdí bọ́ọ̀sì ni kí o lọ. Bí wọ́n bá ní kí o máa fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́. Ọkùnrin ló ń fọ mọ́tò. Títí ìwọ yóò fi fi amọ̀ sílẹ̀, má kọ "Bàbá mi" sórí lẹ́tà sí mi mọ́.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sun àwọn ìṣaasùn rẹ̀. Èéfín náà ń ta mí lójú bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Sàláúdéènì


Lọ́dọ̀ Olúsànyà akọ̀wé lẹ́tà, ìsàlẹ̀ òkè Mápó
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá, 1963

Àkànní, ọkọ mi,

Èmi Kúlúsúmù ìyá ẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Olúsànyà ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má fi òyìnbó tiẹ̀ sí i.

Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń kírun? Inú ń bí bàbá ẹ, o ti mọ̀. Mi ò wá sídìí ìyẹn. Ọkùnrin ló mọ ohun tó ń tì wọ́n lójú.

Bàbá ẹ fẹ́ fa fọ́tò náà ya, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ti wò ó dáadáa. Ìka ẹ dúró bó ṣe yẹ kó dúró, àmọ́ o gbé ìgunpá sókè jù. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èjìká á máa dùn ẹ́ tó o bá dàgbà.

Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí, Àkànní. Mo ti gbà fún Ọlọ́run pé ọwọ́ tí ìyá mi fún mi, èmi náà ni màá gbé e wọ sàréè. Ọjọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà ẹ, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀tọ̀ lohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Báyìí, dá mi lóhùn. Irú amọ̀ wo ni tiwọn, dúdú ni àbí pupa? Kí ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kó má baà sán? Tójò bá ń rọ̀, ibo ni wọ́n ń sá a sí? Ilé iná tó ga tó yẹn, ta ló ń wọ ibẹ̀ lọ wò ó bóyá ó ti jinná? Omi èèpo irúgbá ni mo máa ń wọ́n sí tèmi kó lè dán. Kí ni wọ́n ń fi sí tiwọn tó fi ń funfun báyẹn? Bu amọ̀ náà díẹ̀ sínú ìwé fún mi, kí n fìka rà á wò.

Tètè dáhùn o. Mo máa ń gba ọ̀dọ̀ Olúsànyà kọjá lójoojúmọ́.

Ìyá ẹ


Sítóòkù
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, 1964

Bàbá mi,

Mo tún láǹfààní láti kọ ọ́ báyìí, nítorí mo ti ṣe ohun tí ẹ wí. Ẹ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ kú ìyèdún. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo ní kí n má kọ̀wé títí n óò fi ní ohun rere láti sọ.

Mo ti kúrò nídìí amọ̀. Gáréèjì bọ́ọ̀sì ni mo wà. Mo kọ́kọ́ ń fọ ọkọ̀, nísinsìnyí mo ti di kọ̀ndọ́kítọ̀. Wọ́n fún mi ní kóòtù oníbọ́tìnnì tó ń dán, pẹ̀lú fìlà tó ní etí níwájú bíi ti ọlọ́pàá. Ẹ wo fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sókè fún Bàbá Kúbúrá àti gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ dárí jì mí fún ìtìjú tí mo kó bá yín. Mo ti rí i pé iṣẹ́ àbùkù ni iṣẹ́ amọ̀, kò yẹ ọmọlúàbí. Mo ti fọ ọwọ́ mi mọ́ kúrò níbẹ̀.

Mo rí lẹ́tà tí Ìyá ní kí Olúsànyà kọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Kí wọ́n má bi mí nípa amọ̀ mọ́. Bí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbí bá rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ojú yóò tì mí.

Ohun kan kù. Ẹni tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ndọ́kítọ̀, obìnrin ni. Evelyn ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ọ̀gá mi nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ fo ibí yìí.

Ọmọ yín,
Gàfárù


Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹrin, 1964

Gàfárù ọmọ mi,

Ìwọ náà kú ọdún Iléyá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè. Mo ránṣẹ́ pe Gàníyù láti Bẹẹrẹ, mo pe Ààfáà, mo sì pe ìyá rẹ kí òun náà wá gbọ́. Ó wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, ìṣù amọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ àbùkù, Gàníyù ní, "Ẹ tún ibẹ̀ kà." Mo tún un kà. Mo ka èyí tí o kọ sí ìyá rẹ náà, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo fo Evelyn. Gàníyù gbé fọ́tò sókè sí oòrùn, ó ní fìlà náà yẹ ọ́, ó ní Kúbúrá ń bèèrè rẹ. Orí mi wú.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìyá rẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpótí tó jókòó lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ń lọ kí àwọn ará ilé òun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kò gbé aṣọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kó gbogbo ohun tó fi ń mọ ìkòkò. Kò tíì dé. Iléyá bá a lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó bá mi pín ẹran, ó sì gbé itan fún àwọn tí kò yẹ kí ó gbé itan fún. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń bèèrè Ìyá Gàfárù. Mo ní ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ní àwọn yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún ní ara rẹ̀ ti ń yá.

Mo ránṣẹ́ sí i nígbà mẹ́ta. Èsì kan náà ni ó ń fún wọn: "Ẹ sọ fún Bàbá Gàfárù pé ọwọ́ mi ò tíì mọ́."

Àmù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti sán. Inú páànù ni a ń pọn omi sí báyìí, ó sì máa ń gbóná bí omi ìwẹ̀. Kí ni ìyá rẹ ń sọ? Bí ìwọ bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sí mi.

Bàbá rẹ


Sítóòkù
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà, 1964

Bàbá mi,

Mo mọ ohun tí Ìyá ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èmi ló kọ ọ́ pé mo ti fọ ọwọ́ mi mọ́, ẹ̀yin lẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo gbàgbé láti gba owó lọ́wọ́ èrò, títí Evelyn fi wá bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan wà ní gáréèjì wa, ó ti ń ná ọ̀nà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n fẹ́ tú u tà fún àwọn onírin, àwọn awakọ̀ kan kò gbà. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́, wọn a máa kun ún lọ́dà, wọn a máa fi epo pa igi ìjókòó rẹ̀. Ó ń dán ju tuntun lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé wèrè ni wọ́n. Ní Sátidé náà, wọ́n fi gbé àwọn arúgbó amọ̀kòkò lọ wo ilé iná kan tí wọ́n fẹ́ wó. Èmi ni kọ̀ndọ́kítọ̀. Gbogbo wọn wọ aṣọ ìmúròde. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà láàárín wọn. Ó mú òṣùká rẹ̀ dání. N kò mọ ibi tí n óò gbé ojú sí, ṣùgbọ́n kò bi mí ní nǹkan kan.

Wọ́n fi okùn irin fa ilé náà. Nígbà tí ó wó, eruku bo gbogbo wa. Àwọn bàbá náà ṣí fìlà. Bàbá olóṣùká yẹn wá gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó sọ fún àwọn yòókù pé, "Ìyá ọmọ yìí, amọ̀kòkò ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ìyá mi lọba ìlú. Wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá, kóòtù oníbọ́tìnnì tí mo ní kí ẹ fi yangàn ló wà lọ́rùn mi. Ojú tì mí, mo fẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti padà sídìí amọ̀. Bí ẹ bá ní kí n má pè yín ní Bàbá mọ́, inú àdúrà ni n óò ti máa pè yín.

Èsì ìbéèrè Ìyá nìyí. Amọ̀ ilẹ̀ ibí pupa bíi tiwa. Èyí tó funfun, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé e wá. Egungun màlúù ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Òun ló ń mú kí ó funfun kí ó má sì sán. Òjò kò kàn wọ́n, inú ilé ni wọ́n ń sá a. Ẹni tó ń ṣọ́ iná kì í wọlé. Ihò kékeré wà lára ògiri, ibẹ̀ ni yóò ti fi irin fa òrùka amọ̀ kan jáde, bí ó bá ti jinná, gbogbo rẹ̀ ti jinná nìyẹn. Ìgunpá mi ti wálẹ̀. Amọ̀ díẹ̀ wà nínú ìwé tí mo ká.

Ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni. Ẹ fúnra yín lọ kà á fún wọn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, sókè, níwájú àwọn ará ilé wọn.

Gàfárù


Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ, 1964

Gàfárù,

Lẹ́tà rẹ ti pẹ́ lábẹ́ ẹní ìkírun mi. Bí mo bá forí kanlẹ̀, mo máa ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún lábẹ́ orí mi. Inú bí mi sí ọ, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú kò bí mi mọ́, ìyẹn ló sì burú jù.

Mo gbé SÙÚRÙ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Àwọn obìnrin ilé wọn jókòó ti ìkòkò, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ wa." Ìyá rẹ kò gbójú sókè. Mo ní lẹ́tà Gàfárù ni mo mú wá. Ó ní, "Ẹ kà á. Ẹ̀yin kì í ṣàì kà á sókè."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi egungun màlúù, gbogbo wọn pariwo. Ìyá àgbà kan ní, "Abájọ tí tánganran fi ń dún goro!" Ìyá rẹ gba amọ̀ inú ìwé náà, ó fi ìka rà á, ó tọ́ ọ lá. Ó ní, "Ìgunpá ńkọ́?" Mo ní o ní ó ti wálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní, "Kúlúsúmù, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó ní, "Amọ̀ yìí ò tíì kúnná. Ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ti relé ọkọ. Tí wọ́n bá bá mi tẹ̀ ẹ́ tán, màá bá yín lọ."

Kò sọ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo wọ inú amọ̀ lọ. Ó tutù. Mo rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn kò rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí ju bí wọn ìbá ti rẹ́rìn-ín lọ. Mo ti ń jẹ nínú amọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, ẹsẹ̀ mi kò kàn án rí. Ìyá rẹ ní, "Gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá Gàfárù."

Nígbà tí ó tán, a di ìkòkò rẹ̀ kún inú SÙÚRÙ, òun sì jókòó síwájú. Ní Ọjà'ba, àwọn tó ń pe èrò tún bẹ̀rẹ̀: "Mọ́tò oníkòkò! Bàbá Oníkòkò!" Ìyá rẹ yọ orí síta, ó ní, "Oníkòkò fúnra ẹ̀ nìyí. Ta ló ń pe ọkọ mi?"

Gàníyù wà níbẹ̀, ó ń ra àtùpà. Ó sún mọ́ ọkọ̀ láti kí wa, ó sì rí ẹsẹ̀ mi. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn dé orúnkún. Ó ní, "Bàbá Gàfárù, kí ló dé tẹ́sẹ̀ yín rí báyìí?"

Mo ti ní irọ́ kan lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ pé ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ ni. Ìyá rẹ kò wo Gàníyù, èmi ni ó ń wò.

Mo ní, "Amọ̀ ni. Mo bá ìyàwó mi tẹ amọ̀."

Gàníyù rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ bí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ọkọ̀ sí jíà, a kúrò níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá yóò ṣì fi Kúbúrá fún ọ. A ti gun òkè kọjá kí ìyá rẹ tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ rọra wà á o, ẹrù ẹlẹgẹ́ la dì."

Ó ti wà nílé báyìí. Àmù tuntun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi rẹ̀ sì tutù. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá egungun ewúrẹ́ náà lè ṣe é, nítorí ó ti ń kó o jọ.

Àná ni amọ̀ mìíràn dé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí àwọn ará àdúgbò má baà rí mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúnná. Ojú ṣì ń tì mí, Gàfárù.

Má ka lẹ́tà yìí sókè fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ ni mí,
Sàláúdéènì